OWÓ ILÉ TÍ KÒ DÉ ỌJÀ

Ọ̀rọ̀ owó ilé l'a bá wá.

Òfin National Housing Fund ti wà láti 1992: wọ́n ń yọ ₦2.50 nínú ₦100 owó oṣù, ẹni tó ń dá a lè yáwó ilé ní èlé 6%. Ní 2014, ìjọba Èkó gbé Lagos HOMS jáde, èlé 9.5%, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ilé á kọ́kọ́ kó ₦30 nínú ₦100 sílẹ̀. Ta ló ní ìyẹn lórí àtẹ nínú wa? Wọ́n á tún ní ká mú ìwé owó oṣù wá. Ata rodo kì í fúnni ní ìwé owó oṣù o!

Wọ́n ní bí àwọn tó rówó yá bá kó jáde nínú yàrá tí wọ́n háyà, owó yàrá á wálẹ̀. Ibo ló ti wálẹ̀? Ilé kò pọ̀ tó èrò. Bí owó bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ilé, onílẹ̀ á fi owó lé ilẹ̀. Ẹni tó sì ra ilé lọ́wọ́n, ara ayálégbé ni yóò ti yọ ọ́.

Òfin tí Èkó ṣe ní 2011 ní kí lándílọ́ọ̀dù má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun (wọ́n yọ Ìkòyí kúrò, a ò kúkú gbé ibẹ̀). Síbẹ̀, ọdún méjì ni wọ́n ń bi wá, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọ́míṣánnà.

Yàrá tí a lè máa san lóṣooṣù nítòsí ọjà ni kí ìjọba fi owó yẹn kọ́. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè èyí.