ERÉ ÀPÓTÍ Ọ̀RỌ̀: Ohun Tí Ó Ń Mú Ìnira Fúyẹ́



Ọ̀rọ̀ ìdẹ̀ra ni ó pọ̀ nínú àpótí ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n sì le ju bí ẹnu ti ń pè wọ́n lọ. Ẹ rántí pé a kì í kọ àmì ohùn sínú àpótí, àti pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni GB nínú lẹ́tà 25 tí a ní, nítorí náà àpótí kan ni ó ń gbé. Arthur Wynne, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé irú eré yìí jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Disẹ́ńbà, ọdún 1913, kò mọ wàhálà ohùn bí tiwa. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni adùn tiwa wà.

Ẹ wo ti ìbú àkọ́kọ́: "Ohun tí ọkàn ń fẹ́ lẹ́yìn ìnira", àpótí mẹ́fà. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò kọ IDẸKUN. Ó kún àpótí náà, ṣùgbọ́n bí kò ti sí ohùn lórí rẹ̀, tàkúté ọdẹ ni ẹlòmíràn yóò kà níbẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ wo òòró tí ó gba àpótí kejì sọ̀kalẹ̀: "Ẹranko tí ó ń kúnlẹ̀ kí a tó sọ ẹrù rẹ̀", àpótí méje. RAKUNMI ni. R ti wọlé, IRỌRUN sì ni ìdáhùn.

"Iye rákáà Àlàásárì fún arìnrìn-àjò": MEJI. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àyìlà àti Ìṣáì. Àsùbáà àti Màgàríbì kò yí padà.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti àpótí mẹ́ta: "Ohun tí ara aláìsàn ń ṣe bí Ọlọ́run bá ṣàánú rẹ̀, ohun tí òun náà yóò wá ṣe sí ààwẹ̀ tí kò lè gbà." Àwọn kan á kọ GBA, wọ́n á ya G sọ́tọ̀, wọ́n á ya B sọ́tọ̀. A kò gbà fún wọn. SAN ni: ara á sàn, a ó sì san ààwẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́, ẹ kíyè sí èyí tí ó ṣáájú. Sàn ni, kí ó tó kan san. Aláìsàn àti arìnrìn-àjò ni Àlùkùráánì dárúkọ nínú Súrátùl Bákárà; àwọn àlùfáà sì fi aboyún àti ẹni tí ó ń fún ọmọ lọ́mú kún wọn, bí ó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ. Síbẹ̀, a ń rí ìyá tí omi ọmú rẹ̀ ti ń gbẹ, tí ọmọ ń ké, tí kò jẹ́ ṣínu nítorí ẹnu orogún àti aládùúgbò. Ta ni nínú wọn ni yóò bá a fún ọmọ lọ́mú? Nígbà tí ara bá gbà á, kí ó san án, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Ní ti bóyá oúnjẹ tálákà tún kún un, ẹnu àwọn àlùfáà kò kò lórí rẹ̀; ẹ bi ti àdúgbò yín.

Èyí tí ẹ ó fi dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ nìyí, àpótí méjì péré, ohùn kan náà: "Ohun tí arúgbó tí kò lè gbààwẹ̀ mọ́ ń ṣe fún tálákà; ohun tí ẹni tí ó yọ nínú ìnira ṣe."