Àkìtàn kan ṣoṣo kò tó ìlú mọ́

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe yìí kò ṣòro túmọ̀ fún ọmọ Yorùbá, nítorí pé láyé àtijọ́ kò sí ilé tí kì í kó eérú, kò sì sí ọmọ tí kò mọ ọ̀nà àkìtàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn ọmọbìnrin àti àwọn ìyàwó ilé ti ń mú ọwọ̀, tí wọ́n ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá àti ojúde. Ohun tí wọ́n bá gbá jọ, ẹ̀yìn ilé tàbí ìpẹ̀kun ìlú ni wọ́n ń kó o lọ. Àlejò tí ó bá wọ ìlú kò nílò láti béèrè irú ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀. Ojúde yóò ti sọ fún un.

Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlárò dé Ayétòrò, títí dé Ìmẹ̀kọ àti Ìwòyè-Kétu létí ààlà, àṣà gbígbálẹ̀ láàárọ̀ kò tíì parẹ́. Ohun tí ọwọ̀ ń gbá jọ ni ó yí padà. Ọ̀rá omi, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, agolo àti bátìrì tó ti kú ni ó kún ojú ọ̀nà nísinsìnyí. Àkìtàn tí àwọn baba ńlá dá sílẹ̀ kò mọ irú nǹkan báyìí rí. Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ bá jáde lọ́jọ́ Sátidé láti ṣa pàǹtí ìgboro láìgba kọ́bọ̀, ìyìn ni ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n ṣà bá tún lọ sórí àkìtàn àtijọ́ kan náà, ìdọ̀tí kàn ṣí kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn ni. Àkìtàn méjì ni ìlú nílò lónìí: ọ̀kan fún ohun tí ń jẹrà, èkejì fún ohun tí kì í jẹrà.

Àwọn tí ó rò pé òyìnbó ni ó kọ́ni bí a ti ń sọ àlòkù di ohun tuntun kò wo ilé ìyá wọn dáadáa. Eérú ààrò ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́, oúnjẹ ewúrẹ́ ni. Èésan tí wọ́n bá yọ ekùrọ́ kúrò nínú rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni ó ń fi í dáná. Ọkọ́ tí ó bá sì ti jẹ tán, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ yìí kan náà ni ó ń padà sí láti di ọ̀bẹ. Nígbà tí ọjà òyìnbó dé, àṣà náà kò yí padà. Agolo mílíìkì di àtùpà, agolo tòmátì di òṣùwọ̀n ìrẹsì àti ẹ̀wà tí gbogbo ọjà ń pè ní dẹ̀ríkà títí di òní, ìgò ọtí di ìgò epo àti oyin, táyà ọkọ̀ sì di bàtà. Ohun tí kò bá wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ nìkan ni ó ń dé àkìtàn. Àkìtàn pàápàá kì í jẹ gbèsè, nítorí pé ibẹ̀ ni ilá, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ṣe dáadáa jù lọ.

Ibo wá ni nǹkan ti wọ́? Ọ̀dọ̀ ewé ni. Nígbà kan, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín, ewé ni alápatà àti oníyọ̀ fi ń di ọjà fún oníbàárà. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀kọ tán tí ó ju ewé sílẹ̀ kò ṣẹ̀ púpọ̀: bí ewúrẹ́ kò bá jẹ ẹ́, òjò yóò sọ ọ́ di ilẹ̀ kí oṣù tó yí. Ọwọ́ tí ó máa ń ju ewé nígbà náà ni ó ń ju ọ̀rá lónìí. Ìwà náà kò yí padà. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ni ó yí padà. Ìdí nìyí tí èébú nìkan kò fi lè tún ọ̀ràn náà ṣe. Ẹni tí ń ju ọ̀rá sílẹ̀ gbà pé ohun tí bàbá òun ń ṣe ni òun náà ń ṣe.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ewúrẹ́ tàbí màlúù tí ó bá gbé ọ̀rá mì kò lè lọ̀ ọ́; inú rẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi dí ọ̀nà oúnjẹ, ẹran náà yóò máa rù, yóò sì kú níkẹyìn. Ọ̀rá tí ó bá wọ oko kì í jẹ́ kí omi àti gbòǹgbò rí ọ̀nà wọlẹ̀. Agolo àti ike tí wọ́n sọ sílẹ̀ ń gba omi òjò, tanwiji ń dàgbà nínú rẹ̀, ó sì ń di ẹ̀fọn tí yóò wọ yàrá ọmọdé lóru. Àwọn kan rò pé iná ni yóò parí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú èéfín ike àti ọ̀rá, ẹni tí ó dáná sun ún àti aládùúgbò rẹ̀ ni yóò sì jọ fà á símú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ìjọba ti gbìyànjú láti fi ipá mú ènìyàn ṣe ìmọ́tótó. Láyé àwọn aláwọ̀ funfun, wolé-wolé ń wọ àgbàlá, ó ń yọjú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwiji wà níbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba tọmọdé tàgbà. Ní ọdún 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, ogun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI. Ní 1985 ni wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún un. Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn káàkiri láàárọ̀. Ó ṣe àǹfààní ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti dájọ́ pé kò bófin mu láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ìséde náà dúró. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí wolé-wolé lé débi ìgbálẹ̀, bí wolé-wolé bá ti yí ẹ̀yìn padà, ọwọ̀ a padà sí kọ̀rọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní abúlé Njau ní orílẹ̀-èdè Gambia, ní ọdún 1997, obìnrin kan tí ń jẹ́ Isatou Ceesay àti àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rá tí ó kún abúlé wọn. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a, wọ́n ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń hun ún di àpò owó. Àwọn kan fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun, iṣẹ́ náà sì di ohun tí àwọn obìnrin púpọ̀ ń rí owó níbẹ̀. Ọdún 2015 ni ìjọba Gambia tó fòfin de ọ̀rá. Àwọn obìnrin abúlé ti ṣáájú òfin ní ọdún méjìdínlógún. Nílé níbí, ní ọdún 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó: kẹ̀kẹ́ ń lọ láti ilé dé ilé gba ike, ọ̀rá àti agolo tí àwọn onílé ti yà sọ́tọ̀, wọ́n sì ń fi ohun èlò san án fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tí wọ́n kó jọ. Ní orílẹ̀-èdè Estonia, ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 2008, ènìyàn bíi 50,000 ṣa ìdọ̀tí ilẹ̀ wọn láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti fi oṣù púpọ̀ wá ibi tí ìdọ̀tí wà, wọ́n sì ti mọ ibi tí wọn yóò kó o lọ.

Ọ̀ràn náà tún kan Ìwòyè-Kétu lọ́nà tirẹ̀. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ni ó fa ààlà sáàárín Kétu àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ àti Ìwòyè sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà kò dá ìgbéyàwó dúró, kò dá ọjà dúró, kò sì dá ọdún ìbílẹ̀ dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin tí ó lòdì sí ọ̀rá tí kì í jẹrà: ṣíṣe é, kíkó o wọlé, títà á àti lílò ó. Afẹ́fẹ́ kò mọ òfin, kò sì mọ ààlà. Ọ̀rá tí ó bá fò láti Ìwòyè lè sùn sí oko ẹbí ní ìhà kejì. Ìtìjú ńlá ni yóò jẹ́ bí ìdọ̀tí bá di ẹ̀bùn tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ sílé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í bẹ̀rẹ̀ ṣa ohun tí ó wà nílẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣe ìyẹn.

Báwo ni kí ọwọ́ náà má ṣe rẹ̀? Àṣà ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni Yorùbá ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́: ọ̀wẹ̀ àti àáró. Nínú ọ̀wẹ̀, ènìyàn púpọ̀ a péjọ ṣe iṣẹ́ ẹnì kan lọ́jọ́ kan, oníṣẹ́ a sì fún wọn ní oúnjẹ. Nínú àáró, iṣẹ́ a máa yí po: tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣa ìdọ̀tí ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ ń ṣe ọ̀wẹ̀ tí kò ní oníṣẹ́ tí yóò fún wọn lóúnjẹ, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í pẹ́ kí ó tó sú wọn. Bí ó bá di àáró, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, tí ilé ìwé, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní ọjọ́ tiwọn, ẹni tí ó ṣa ìgboro lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní fẹ́ ba iṣẹ́ ẹni tí ó kàn lọ́sẹ̀ yìí jẹ́.

Àkìtàn kejì kò sì ní ju ibi gbígbẹ kan tí ó ní òrùlé lọ, tí wọ́n yóò ti máa ya irin, ìgò, ike àti ọ̀rá sọ́tọ̀ nínú àpò. Òótọ́ ni pé ọ̀nà jìn láti etí ààlà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra nǹkan wọ̀nyí, owó ọkọ̀ sì lè ju owó àpò ike mélòó kan lọ. Nítorí ìdí èyí ni ó fi yẹ kí ìlú méjì mẹ́ta pa ẹrù wọn pọ̀ kí wọ́n tó gbé e, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì pèsè ọkọ̀. Àwọn tí ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni kò purọ́, nítorí pé ìjọba ń gba owó orí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kó jọ ni ọkọ̀ ìjọba lè gbé.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn olùkọ́. Ní ilé ìwé púpọ̀, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń ní kí ó lọ ṣa pàǹtí. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò sì gbà pé ìjìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ìmọ́tótó. Láyé àtijọ́, bí gbígbá ilé ti jẹ́ iṣẹ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni títún ọ̀nà oko àti ojú ọjà ṣe jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọkùnrin, ìtìjú sì ni fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá sá fún un. Ọmọ tí ó tètè dé, tí ó sì mọ̀wé, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú àpò. Kí wọ́n fún un ní ohun tí yóò fi bo ọwọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ àti ìgò fífọ́, nítorí pé ti àgbà ni ìyẹn.

Ẹyọ ọwọ̀ kan kì í gbálẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, tí àgbàrá yóò fi kó ọ̀rá wọ odò àti oko, ó yẹ kí ọba, ìjòyè, ìyálọ́jà àti olórí ọ̀dọ́ ti jókòó, kí wọ́n ti tọ́ka sí ibi tí àkìtàn kejì yóò wà, kí wọ́n sì ti sọ àdúgbò tí yóò kọ́kọ́ gba ọ̀sẹ̀ tirẹ̀.