Wọ́n Ń Fárí Wa Lẹ́yìn Wa

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti kó kúrò láàárín Minneapolis àti St. Paul, tí ẹ ra ilé síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ rẹrẹ, tó jẹ́ pé òkèèrè lẹ ti ń rí iná ilé aládùúgbò yín lálẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ ń san owó orí ilé lọ́dọọdún. Ẹ mọ orúkọ ààrẹ, ẹ mọ orúkọ gómìnà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni akọ̀wé táúnṣíìpù yín? Níbo ni gbọ̀ngàn ìpàdé yín wà?

Ọdún mẹ́rin ni mo gbé nínú táúnṣíìpù kan ní Minnesota kí n tó lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí. Omi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nínú oṣù Igbe ọdún yẹn, yìnyín ń yọ́, páìpù ńlá tí omi máa ń gbà kọjá lábẹ́ títì níwájú ilé wa sì dí. Omi gorí títì, ó gbá òkúta wẹ́wẹ́ lọ sínú gọ́tà, ó wá gbẹ́ kòtò kan tó lè gbé táyà mọ́tò mì dé ìdajì. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé kò lè kọjá mọ́. Àràárọ̀ la ń sìn wọ́n nínú ẹrẹ̀ dé oríta. Mo pe káúńtì, wọ́n ní ọ̀nà náà kì í ṣe tàwọn. Mo pe àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pe ibi tí kò yẹ kí n pè, kí bàbá àgbẹ̀ kan tó ń gbé lódìkejì títì tó bá mi létí kòtò náà, tó sọ pé, "Ọ̀nà táúnṣíìpù nìyí. Alága wa ló yẹ kó o pè." Nígbà tí mo pè é, orí tirakítọ̀ ló ti gbé fóònù. Lọ́jọ́ kejì òun fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti bàtà rọ́bà, ó wọnú omi tó mù ún dé orúnkún, ó sì ń fa koríko àti ẹ̀ka igi jáde lẹ́nu páìpù. Nígbà tó ṣe tán, ó béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi: "Kí ló dé tí a kò rí ọ rí nípàdé oṣù Ẹrẹ́nà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá bá yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí táúnṣíìpù jẹ́, torí púpọ̀ nínú wa rò pé orúkọ àdúgbò lásán ni. Kì í ṣe ìlú. Kì í sì í ṣe abúlé bí a ṣe mọ abúlé nílé, torí kò ní ọjà, kò ní ojúde, ilé ò sì fara kan ilé. Ilẹ̀ onígun mẹ́rin ni, máìlì mẹ́fà ní òró, máìlì mẹ́fà ní ìbú. Lọ́dún 1785, kí Amẹ́ríkà tó kọ ìwé òfin tí wọ́n ń lò títí dòní, ilé aṣòfin wọn ti pàṣẹ pé báyìí ni kí wọ́n ṣe máa gé ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn. Àwọn awọnlẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn ín, wọ́n ń wọ́ ṣéènì irin tó gùn ní 66 ẹsẹ̀ bàtà kọjá nínú igbó àti àbàtà. Tí ṣéènì náà bá pé 80, máìlì kan ti pé. Wọ́n pín táúnṣíìpù kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 36, wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kíṣọ̀n, 640 éékà sì ni sẹ́kíṣọ̀n kan. Bí wọ́n ṣe ka nọ́ńbà wọn yóò yé ẹni tó bá ti kọ ebè rí: láti igun àríwá-ìlà oòrùn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kà á dé 6 níhà ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí 7, wọ́n yíjú padà sí ìlà oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ títí dé 36 nígun gúúsù-ìlà oòrùn. Sẹ́kíṣọ̀n 16 ni òfin yẹn yà sọ́tọ̀ fún ilé ìwé. Nígbà tó di ti Minnesota, wọ́n fi 36 kún un.

Kò yẹ kí n sọ èyí kí n fo ìyókù. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣéènì wọ̀n yìí ní àwọn tó ni ín. Àwọn Dakota àti Ojibwe ló ń gbé e. Lọ́dún 1851 ni wọ́n gba apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Dakota ní gúúsù Minnesota nípasẹ̀ ìwé àdéhùn, lẹ́yìn ogun tí àwọn Dakota bá Amẹ́ríkà jà lọ́dún 1862 sì ni wọ́n lé wọn kúrò ní ìpínlẹ̀ náà. Ọdún 1862 yẹn kan náà ni òfin mìíràn jáde tó ń fún àwọn tó bá wá dáko ní 160 éékà, ìyẹn ìdá mẹ́rin sẹ́kíṣọ̀n kan. Bí ìwé ilẹ̀ yín bá wà nítòsí, ẹ lọ kà á: ẹ máa rí nọ́ńbà sẹ́kíṣọ̀n, ẹ máa rí ìdá mẹ́rin wo ló jẹ́. Ohun tí àwọn oníṣéènì yẹn kọ sílẹ̀ la fi ń ra ilé títí dòní.

Òun ló fà á tí ọ̀nà wa fi tọ́ gbọnrangandan, tí oríta sì máa ń wà ní máìlì kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ẹ bá wọn ọ̀nà táúnṣíìpù pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, 66 ẹsẹ̀ bàtà lẹ máa bá, ṣéènì kan géérégé. Ibi tí ọ̀nà bá ti ṣàdédé ṣẹ́ kọ́rọ́ láìsí odò, láìsí òkè, ẹ má rò pé aṣiṣe ni. Ayé rí roboto, àwọn ìlà tó ń lọ sí àríwá ń súnmọ́ ara wọn, àwọn awọnlẹ̀ sì ní láti máa tún ìlà wọn ṣe lóòrèkóòrè. Mo fẹ́ràn àwọn kọ́rọ́ yẹn. Mo máa ń fi wọ́n han àwọn ọmọ mi.

Ó dára, ta ló ń darí ilẹ̀ yìí? Ní Minnesota, táúnṣíìpù lé ní 1,700. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní alámòójútó mẹ́ta, akọ̀wé kan, akápò kan. Àwọn alámòójútó ń lo ọdún mẹ́ta mẹ́ta, wọn kì í sì í gba ipò lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbẹ̀ ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ní Ohio náà, ẹni mẹ́ta ni. Ní Vermont, ọjọ́ ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n ń ṣe ìpàdé ọdọọdún tiwọn. Tiwa ní Minnesota ni ìṣẹ́gun kejì.

Ìpàdé ìṣẹ́gun kejì oṣù Ẹrẹ́nà yìí gan-an ni mo ń pè yín sí. Kì í ṣe ìpàdé tí àwọn aláṣẹ ti ń sọ̀rọ̀ tí aráàlú ń gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga ni ilé aṣòfin. Àwọn alámòójútó lè dámọ̀ràn iye owó orí tí táúnṣíìpù yóò gbà lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ àwọn olùgbé tó wà nínú yàrá ló ń dìbò lé e, iye tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí ni ìgbìmọ̀ alámòójútó kò gbọdọ̀ kọjá. Ibi tí ẹni tí kò díje, tí wọn kò yàn, ti lè nawọ́ sókè kó sì pinnu owó ìjọba báyìí kò pọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, mo pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú. Gbọ̀ngàn náà jẹ́ ilé pákó oníyàrá kan, wọ́n gbé ìkòkò kọfí sórí tábìlì lẹ́yìn, àsíá dúró nígun. Mo ka orí àwọn tó wà níbẹ̀: mẹ́rìnlá, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ àwọn aláṣẹ fúnra wọn. Wọ́n ti yan ẹni tí yóò darí ìpàdé, akọ̀wé ti ka àkọsílẹ̀ tèṣí, wọ́n ti dé orí owó ọ̀nà. Ẹnì kan dá a lábàá, ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn, olùdarí ní kí àwọn tó gbà sọ pé àwọn gbà. Ó tán. Owó tí gbogbo wa máa san fún òkúta wẹ́wẹ́, fún gíréédà, fún kíkó yìnyín, wọ́n parí rẹ̀ kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Wọ́n fá tèmi lójú mi, wọ́n sì fá orí àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí kò wá lẹ́yìn wọn. Àwọn mẹ́rìnlá yẹn ò ṣẹ̀ wá o. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má lọ retí ohun tí ìpàdé kò lè ṣe. Kò lè pàṣẹ pé ọ̀nà tiyín ni kí wọ́n kọ́kọ́ da òkúta sí, ọwọ́ ìgbìmọ̀ alámòójútó nìyẹn wà, inú ìpàdé wọn tó ń wáyé láàárín ọdún ni wọ́n sì ti ń pinnu rẹ̀. Ìyẹn náà, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ojú mọ ojú. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ, wọ́n mọ ibi tí páìpù wa wà.

Nǹkan mìíràn wà tó kàn yín gan-an. Nígbà ìrúwé, ìwé máa ń dé láti káúńtì tó ń sọ iye tí wọ́n ní ilé yín tó. Mo mọ àwọn tó ka iye náà, tí wọ́n kígbe, tí wọ́n sì sanwó. Ní ọ̀pọ̀ táúnṣíìpù, àwọn alámòójútó máa ń jókòó láàárín oṣù Igbe sí Èbìbí láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá rò pé iye náà ti pọ̀ jù. Níbi tí táúnṣíìpù bá ti gbé iṣẹ́ yẹn fún káúńtì, ìwé náà yóò sọ ibi tí ẹ máa lọ. Ẹ kó fọ́tò ògiri tó sán, ẹ kó iye tí wọ́n ta ilé tó jọ tiyín nítòsí. Ẹ lọ kí ọjọ́ tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wá ilẹ̀ tó dínwó, ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ tí kò ní ọ̀nà. Òfin Minnesota gbà pé kí ẹni tí ilẹ̀ onílẹ̀ yí ilẹ̀ rẹ̀ ká kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ táúnṣíìpù, kí wọ́n la ọ̀nà kan tó fẹ̀ tó 33 ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán fún un, tí ilẹ̀ náà bá tó ìwọ̀n tí òfin sọ. Àmọ́ ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ló máa san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, àbámọ̀ sì lè wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọgbà bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò, àwọn alámòójútó kan náà ni òfin ní kí wọ́n wá fojú rí i, kí wọ́n sì sọ apá tí kálukú máa ṣe. Ẹ kò nílò lọ́yà kí ẹ tó pè wọ́n.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Púpọ̀ nínú yín jẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ lẹ ń ṣe. Mo mọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni, ọjọ́ náà kì í sì í yí padà àfi tí yìnyín bá le jù. Ẹ ti lè tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹlòmíràn á ní òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó máa wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ náà. Gbogbo orí ló yíjú wò mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkàn mi sì ń lù kìkì. Lẹ́yìn náà obìnrin kan dìde, ó gbé àga kan kúrò lára ògiri, ó ṣí i fún mi, ó sì da kọfí síwájú mi. Lọ́dún kejì èmi náà ń bá wọn to àga.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Kí ẹ jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, kí ẹ ti pé ọdún 18, kí ẹ jẹ́ olùgbé táúnṣíìpù náà, kí ẹ sì ti gbé ní Minnesota fún ogúnjọ́ ó kéré tán. Ẹni tí kò tíì gba ìwé ọmọ onílùú kò lè dìbò, àmọ́ ó lè wá jókòó kó gbọ́. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ kéde ìpàdé náà ní ọjọ́ 10 ṣáájú, nínú ìwé ìròyìn àdúgbò tàbí lára pátákó. Ní ọ̀pọ̀ táúnṣíìpù, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń dìbò yan alámòójútó, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló jáde, ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ sí ẹnì kankan. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni àwọn tó fẹ́ díje ń forúkọ sílẹ̀, dọ́là 2 ni owó rẹ̀. Mo ń wo àwọn kan nínú yín tó ti ṣe akápò ìjọ, tó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fún ọdún mẹ́wàá, tí ìwé owó wọn mọ́ kedere. Iṣẹ́ yẹn kan náà ni.

Ẹ wá akọ̀wé yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè agogo tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú, torí owó ọ̀nà kì í pẹ́ kàn. Ní tiwa, yìnyín máa ń dí ìlẹ̀kùn iwájú ní Ẹrẹ́nà. Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ là ń gbà wọlé.