Ẹ Kú Ìjókòó

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ìwé yìí ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkíni kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí i pé ohun púpọ̀ ni ó so mọ́ ọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó sí ìloro ilé mi. Ìwé kò sí lọ́wọ́ mi, n kò sì retí ẹnìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ rí, tí òun náà ti di olùkọ́ báyìí, ń kọjá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, nítorí ọmọ tí a kọ́ ní ilé ni, ó sì béèrè pé, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan? Àbí ara yín kò yá ni?" Mo ní ara mi le. Ó ní, "Bóyá ẹ ń retí àlejò?" Mo ní n kò retí àlejò. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ìdáhùn mi kò yé e, ó sì ń wẹ̀yìn wò mí bí ó ti ń lọ.

Nígbà tí ó lọ tán ni mo rántí bàbá mi. Nígbà ayé rẹ̀, bí ó bá ti oko dé tí ó wẹ̀ tí ó sì jókòó sí iwájú ilé, kò sí ẹni tí yóò kọjá tí yóò bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Àgbà ìbáà ṣe, ọmọdé tí ó ru omi ìbáà ṣe, ohun kan náà ni wọn yóò wí: "Ẹ kú ìjókòó o." Bàbá mi yóò sì dá wọn lóhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ pàtàkì.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa dáadáa. Yorùbá ní, ẹ kú iṣẹ́. Yorùbá náà ni ó ní, ẹ kú ìsinmi. A ń kí aláró ní "Àrẹ̀dú o", a ń kí onídìrí ní "Ojú gbooro", a ń kí àgbẹ̀ ní "Àroko bọ́dún dé". Ṣùgbọ́n bí a bá bá àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ayò, a kò ní sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìkíni tiwọn wà fún wọn: "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀", wọn yóò sì dáhùn pé ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn. Bí òjò bá rọ̀, ẹ kú òjò. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ kú ọyẹ́. Bí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí ni gbogbo èyí bí kò ṣe pé àwọn baba wa kò jẹ́ kí ìgbà kan kọjá lójú wọn láìṣe àkíyèsí rẹ̀? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì tíì rí gbólóhùn tí mo lè fi túmọ̀ "ẹ kú ìjókòó" kí ó dùn lẹ́nu. Ẹni tí ó bá rí i kí ó fi ránṣẹ́ sí mi.

Àwọn àlejò kan tí wọ́n kọ̀wé nípa ilẹ̀ wa láyé ìjọba òyìnbó sọ pé ọ̀lẹ ni ènìyàn dúdú, nítorí tí wọ́n bá àwọn ọkùnrin níbi tí wọ́n jókòó sí abẹ́ igi lọ́sàn-án gangan. Wọn kò bá wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí wọ́n ti wà lóko tí ìrì ń pa wọ́n. Ohun tí ó dùn mí ni pé a gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa alákọ̀wé ti ń fi àìrójú-àìráyè ṣe oyè. Bí a bá bi wá pé, "Báwo ni?", a óò ní, "Kò sí àyè rárá," pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, bí ẹni tí ó ń fi aṣọ tuntun hàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àwọn tí wọ́n kó ẹ̀sìn wá sí ilẹ̀ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní ìsinmi. Kí ìwé tó dé ni a ti ní ọ̀sẹ̀. Lónìí, ọjọ́ méje ni a ń pè ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ọjọ́ ìjọ́sìn òrìṣà ni orúkọ náà ń jẹ́, ó sì ń yí padà ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, tí àwọn baba wa ń kà sí márùn-ún nítorí pé wọ́n ń ka ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó ni òrìṣà kò jẹ́ ro oko. Àlùfáà ìjọ ni mí, n kò pe ẹnikẹ́ni padà sí ojúbọ. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí a ka òfin ọjọ́ ìsinmi sí etí àwọn baba wa, kì í ṣe ohun àjèjì. Àwọn ará wa Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ ní Ọ̀fà, ń dá iṣẹ́ dúró nígbà márùn-ún lóòjọ́ láti kírun. Mo máa ń wo àwọn oníṣòwò ọjà Owódé tí wọ́n ń fi ìgbá wọn sílẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá, mo sì máa ń bi ara mi pé èwo ni èmi ń dá dúró láàárín ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Bí a bá fẹ́ mọ ìgbà tí nǹkan yí padà nílùú yìí, n óò ní kí a wo ibùdókọ̀ ojú irin. Ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1908. Ó mú ọrọ̀ wá. Ta ni yóò jiyàn rẹ̀? Òun ni ó sọ Ọ̀fà di ìlú tí àjèjì ń wá ṣòwò. Ṣùgbọ́n ó mú aago wá pẹ̀lú. Ọkọ̀ ojú irin kò mọ ìyálẹ̀ta, kò mọ ìgbà tí adìyẹ ń wọlé. Ìṣẹ́jú ni ó mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi ojú oòrùn sílẹ̀ tí a gba ọwọ́ aago. Nísinsìnyí, a kò tún dúró de fèrè ọkọ̀ mọ́, nítorí pé olúkúlùkù ti fi tirẹ̀ sínú àpò. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ yìí ń ké nínú ilé Ọlọ́run, ó ń ké nídìí òkú, ó ń ké láàárín òru. Mo ti rí ọkọ àti aya tí wọ́n jọ jókòó ti àwo iyán kan náà, tí olúkúlùkù ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan ni èyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jùmọ̀ gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2016 nìkan, iṣẹ́ àṣejù pa ènìyàn 745,000 nípa àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ méje ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ewu rọpárọsẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 pọ̀ ju ti ẹni tí ó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Àwọn àgbà tí ń ṣubú lójijì láàárín wa, tí a sì ń sọ pé ayé ni ó ṣe wọ́n, bóyá kí a kọ́kọ́ bi wọ́n ní iye wákàtí tí wọ́n ń sùn. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí: Òfin Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1974 ní kí òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, kí ó sì ní ìsinmi wákàtí kan ní ọjọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mélòó nínú àwa tí a gba ọmọ ọ̀dọ̀ sílé tàbí ọmọṣẹ́ sí ìsọ̀ ni ó ń pa òfin náà mọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Àlùfáà, ẹni tí kò tíì jẹun ni ẹ ń wàásù ìsinmi fún." Òótọ́ ni. Obìnrin tí ó ń ta ànàmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kò nílò ìwàásù mi; bí ó bá jókòó, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jẹun. N kò ní ìdáhùn kan fún un ju pé kí a san owó tí ó dá lé ọjà rẹ̀ láìnájà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwa ni mò ń bá wí, àwa tí a ti jẹ, tí a ti yó, tí a sì fi ọwọ́ ara wa di ẹrù tí kò ṣe é sọ̀. Ẹ wo òpin ọ̀sẹ̀ wa. Ọjọ́ Ẹtì, àìsùn òkú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìsìnkú ní ibì kan, ìgbéyàwó ní ibì kejì, aṣọ ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jáde nílé ìjọsìn, ìpàdé ẹbí, ìpàdé àdúgbò, ìpàdé Ẹgbẹ́ yìí kan náà. Ọjọ́ Ajé yóò sì bá wa bí ẹni tí a nà.

Ti àwọn ọmọdé ni ó burú jù, iṣẹ́ mi sì ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba. Ọmọ ọdún méje yóò lọ sílé-ìwé ní òwúrọ̀, yóò dúró fún ẹ̀kọ́ àfikún ní ọ̀sán, olùkọ́ mìíràn yóò sì tún dúró dè é nílé ní alẹ́. Bí ìsinmi ìparí sáà bá dé, a óò sanwó kí a lè gba ìsinmi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ láti di olùkọ́ sọ fún mi pé àwọn ọmọ ń sùn lórí tábìlì ní kíláàsì. Ewì tí J. F. Ọdúnjọ kọ lórí iṣẹ́, gbogbo wa ni a kọ́ ọ lórí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ogójì ènìyàn, pé ta ni ó lè pa àlọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ènìyàn mẹ́ta ni ó nawọ́.

Ọmọ ìlú ìjàkadì sì ni wá. Gbogbo Yorùbá mọ̀ pé ìjàkadì ni orò Ọ̀fà, títí dé orí pé nínú ọdún Onímọkà, Ọlọ́fà àti Ẹ̀sá a máa fi ìjàkadì ṣe àpẹẹrẹ lójú gbogbo ayé. Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ìjàkadì jẹ́: eré ni. Bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá kanlẹ̀, ó parí. A óò gbé e dìde, a óò gbọn iyanrìn ara rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì jọ mu omi. Lónìí, nígbà tí a bá sọ pé a ń jìjàkadì, àtijẹ-àtimu ni a ń sọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò parí.

N kò sọ èyí bí ẹni tí ó mọ́ níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, bàbá mi ń sun ànàmọ́ níwájú ilé, ó sì pè mí pé kí n wá jókòó. Mo mú ìwé mi dání, mò ń yára lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ kan. Mo ní, "Mò ń bọ̀, bàbá." Nígbà tí mo fi dé, ó ti sùn, wọ́n fi ànàmọ́ méjì bo abẹ́ igbá fún mi, ó ti tutù. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn èyí tí a fi sin ín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí ohun tí a jíròrò ní ìpàdé náà, n kò rántí ẹyọ kan.

Nítorí náà ni mo ṣe gbé ẹ̀bẹ̀ mélòó kan síwájú Ẹgbẹ́. Kí a má ṣe pe ìpàdé ní ọjọ́ Ìsinmi mọ́, bí kò ṣe ohun tí kò ṣe é sún síwájú. Kí ẹ̀yin ìjòyè wa bá wa pàṣẹ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù yóò ṣófo, láìsí òkú, láìsí ìyàwó, kí olúkúlùkù lè mọ ojú àwọn ará ilé rẹ̀. Kí àwọn òbí àti olùkọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, sílẹ̀ fún ọmọdé nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, láìsí ìwé. Bí owó bá sì kù lápò Ẹgbẹ́, kí a ra ọpọ́n ayò mẹ́fà sí gbọ̀ngàn wa. Ihò méjìlá àti ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta kò gbowó lórí tó ìwé ìpè ìnáwó kan.

Ní tèmi, mo ti ra ọpọ́n kan sí ìloro. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bi mí bóyá ara mi kò yá ti padà wá, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n ta, mo sì kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí ó kọjá ó pa mí ní ayò lẹ́ẹ̀mejì léraléra, n kò sì gbọdọ̀ fọhùn.