Ẹ Pa Ẹ̀rọ Náà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Lọ́dún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ìtàn sọ pé ẹ̀rọ náà dákẹ́ ní agbègbè Ìkéjì-Arákéjì. Ó tún un ṣe títí, kò jẹ́. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn tó ń pè é. Àwa ọmọ Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò mọ ìtàn yìí dáadáa. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni wọ́n sin ín sí lọ́dún 1959.

Ká ní WhatsApp ń dún lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ẹ máa ní, "Bíbélì mi wà lórí fóònù, Kùránì mi náà wà níbẹ̀." Ó dáa. Ẹsẹ mélòó lẹ kà láàárọ̀ yìí kí TikTok tó gbà yín lọ?

Èmi náà jẹ̀bi. Ewì tí mo bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá ò tíì kọjá ìlà mẹ́ta. Ìyá mi pè mí lálẹ́ àná, mo ní mò ń kàwé. Irọ́ ni! Fídíò ni mò ń wò.

Ẹ ní dátà wọ́n. Bí dátà tán, a ó ra òmíràn. Ta ló ń ta wákàtí?

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju fóònù sódò o. Wákàtí kan péré lójúmọ́, ẹ pa á. Ti Babalọlá dákẹ́ fúnra rẹ̀. Tiwa ò ní dákẹ́, àfi tá a bá pa á.