Ẹ Kọ Ìpín Yín Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Fi Ìpìlẹ̀ Ilé Lélẹ̀

Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ní Al-Ka'kiyah, àdúgbò kan ní gúúsù Mẹ́kà tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọjà èso àti ẹ̀fọ́, lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí irun rẹ̀ á fi funfun, kó má sì ní ilẹ̀ kankan tó lè pè ní tirẹ̀. Òfin tí Sáúdí Arábíà ṣe ní ọdún 2000 kò gba àjèjì láyè láti ra ilẹ̀ tàbí ilé ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, àfi tó bá jẹ́ pé ó jogún rẹ̀. Lábẹ́ òfin yẹn nígbà náà, Mùsùlùmí tó jẹ́ àjèjì lè háyà ilé fún ọdún méjì, kó sì tún un háyà tó bá pé. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026 ti dẹ okùn náà díẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà pípẹ́ ni ríyàlì àwọn ènìyàn wa ti mọ ọ̀nà ilé.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí: ẹ̀gbọ́n wà ní Mẹ́kà, ìkejì wà ní Jẹ́dà, àbíkẹ́yìn wà ní Ìbàdàn. Wọ́n á dá owó jọ, wọ́n á ra pulọ́ọ̀tì kan, wọ́n á sì ní dúpúlẹ́ẹ̀sì làwọn fẹ́ kọ́, kí Màmá lè gbé ìsàlẹ̀, kí kálukú sì ní yàrá tó máa dé sí.

Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ní oṣù Kọkànlá 2024, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ṣe òdiwọ̀n dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá yá owó sì tún ju ìyẹn lọ. Ta ni òṣìṣẹ́ tó lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́lé? Mùsùlùmí tó ń sá fún ríbà, ìyẹn èlé orí owó, kò tilẹ̀ ní dé ẹnu ọ̀nà báńkì tó ń gba èlé. Owó ọmọ ìyá ẹni kò ní èlé lórí.

Ṣùgbọ́n ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ohun tó sì ń da àwọn ẹbí rú ni pé ojú ń ti wọn láti sọ̀rọ̀ owó nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná. "Ṣé a fẹ́ máa ṣírò fún ara wa ni?" Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ ṣírò. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan báyìí.

Láti ọdún 1986 ni ríyàlì 3.75 ti ń jẹ́ dọ́là kan. Náírà ni kò dúró sójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ríyàlì 1,000 kò tó 125,000 náírà ní iye ìjọba. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 400,000. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Al-Ka'kiyah fi òógùn kan náà wá ríyàlì kan náà, ṣùgbọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà nílé, owó kejì ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wá wo ti àbúrò tó ń gba owó oṣù ní náírà. Ká ní ó mú mílíọ̀nù méjì wá nígbà tí àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ 4,000 náírà, àpò 500 ló rà yẹn. Bí ẹlòmíràn bá mú mílíọ̀nù méjì wá lẹ́yìn oṣù Kejì 2024, nígbà tí ìjọba àtàwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000, àpò 250 péré ni tirẹ̀ máa rà bí ó bá ra ti 8,000. Orí ìwé ni owó wọn ti dọ́gba, kò dọ́gba lára ilé. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí owó wọlé, ẹ kọ iye rẹ̀ ní ríyàlì àti ní náírà, ẹ kọ ohun tí a fi rà, kí ẹ sì fẹnu kò lórí èyí tí ẹ máa fi díwọ̀n ìpín.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó wà nílé. Òun ló ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ fà á, òun ló ń tẹ̀ lé sọ̀fíyọ̀, òun ló ń dúró ti bírìkìlà nínú oòrùn. Iṣẹ́ ni. Bí ẹ bá máa san án, ẹ san án. Bí ẹ bá máa fi kún ìpín rẹ̀, ẹ kọ ọ́. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí orúkọ rẹ̀ nìkan wà lórí rìsíìtì àti ìwé ilẹ̀ nítorí pé òun ló súnmọ́ ibẹ̀.

Ikú ló máa ń tú àṣírí àìkọ̀wé. Súbérù Dáwódù ti Èkó kú ní 1940 láì ṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí igi ni wọ́n máa fi pín ohun ìní rẹ̀, ní ọ̀nà mẹ́rin ní iye ìyàwó, àbí orí-ò-jorí, ní ọ̀nà mẹ́sàn-án ní iye ọmọ? Ẹjọ́ náà rìn títí dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di 1962 kí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba tó fi òté lé e pé ìdí igi ni. Ọdún méjìlélógún lẹ́yìn ikú bàbá! Bàbá kan ṣoṣo ló ni nǹkan wọ̀nyẹn o. Mélòómélòó wá ni ilé tí ọmọ ìyá mẹ́ta jọ kọ́, tí kálukú wọn ní aya àti ọmọ?

Òfin mọ oríṣi àjùmọ̀ní méjì: nínú ọ̀kan, ẹni tó bá kẹ́yìn láyé ló ni gbogbo rẹ̀, nínú èkejì, ìpín òkú di ti àwọn ajogún rẹ̀. Ẹ ní kí lọ́yà kọ èyí tí ẹ fẹ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ìdá tó kan kálukú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó bá fẹ́ ta ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ àwọn yòókù. Òfin Ìsìláàmù pàápàá fún alájọni ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Ẹni tó bá ní kíkọ nǹkan sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá jẹ́ àìfọkàntánni, kó lọ ṣí Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 282. Ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Kùránì ni, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ló sì dá lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbà á, ẹ pe ara yín jókòó lọ́sẹ̀ yìí, kódà kó jẹ́ lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́, ẹ fọwọ́ sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Ẹ ṣe é kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó dé orí ilẹ̀ náà, nítorí àwọn ọmọ yín ni ẹ ń gba ìjà náà lọ́wọ́ wọn.