Oòrùn Tí Kò Tíì Dé Àbújá

Nínú ìròyìn ìdílé ti oṣù yìí, ẹ ó rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń kọ́lé ní Kubwa, Lugbe àti Gwagwalada. A bá wọn yọ̀. Nítorí tiwọn ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ tòní.

Láyé àtijọ́, okùn àti èèkàn ni àwọn baba wa fi ń wọn ìpìlẹ̀ ilé. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni àwọn ayàwòrán ilé fi ń fi ilé hàn wá kí a tó ra búlọ́ọ̀kù kan: ògiri, fèrèsé, igi àgbàlá, títí kan òjìji. Àwòrán náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè pè é ní fótò. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ kọ́lé ní Kubwa. Ó fẹ́ mú ìyá wa wá láti Ìkìrun, ó sì fẹ́ fàráńdà tí ìyá yóò máa jókòó ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ya ilé náà fi fàráńdà sí ìhà àríwá. Nínú àwòrán rẹ̀, oṣù yòówù kí a yí i sí, ibòji ilé bo ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ni a ó wá fi òrùlé sí i fún?" Ó yọ owó pánù ibẹ̀ kúrò.

Bíríkìlà wa, ọmọ Gbàgyí, ni ó wo àwòrán náà ní oṣù kárùn-ún, tó sì mi orí. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ wo ilẹ̀." Ọ̀sán gangan ni. Òjìji wa kúrú, ìhà gúúsù ni ó sì wà. Oòrùn ti bọ́ sí ìhà àríwá, ó ń ta sórí ibi tí fàráńdà ìyá yóò wà.

A pe ayàwòrán náà. Ó kọ́kọ́ rò pé ìmọ́lẹ̀ ni kò dọ́gba. Ó dín in kù, ó tún àwòrán ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó bá kọ̀ǹpútà ṣàìsùn. Òjìji kò yí padà. Nígbà tó ṣí ibi tí a ti ń sọ ìlú fún ẹ̀rọ náà, ìlú òkèèrè kan ni ó bá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé Àbújá ni a wà!

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlú kan tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. SketchUp, fún àpẹẹrẹ, ìlú Boulder ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe é, ni ó máa ń lò àfi bí a bá yí i. Boulder wà ní nǹkan bí dígírì 40 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Lọ́dọ̀ wọn, oòrùn ọ̀sán kì í kúrò ní ìhà gúúsù. Àbújá wà ní nǹkan bí dígírì 9. Lọ́dọ̀ tiwa, láti àárín oṣù kẹrin títí di ọwọ́ ìparí oṣù kẹjọ, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń wà. Ní àwọn oṣù yòókù, ó ń wà ní gúúsù.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ìpìlẹ̀, ẹ bi ayàwòrán yín ní ohun mẹ́ta. Èkíní: ìlú wo ni ẹ̀rọ náà rò pé a wà? Èkejì: ṣé aago Nàìjíríà ni ó ń lò, tí ó fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich? Ẹ̀kẹta: ṣé àríwá inú àwòrán bá àríwá inú ìwé àwọn awọnlẹ̀ mu? Bí kò bá bá a mu, yàrá tí ẹ rò pé yóò tutù lè gba gbogbo oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Ẹ dán an wò báyìí: kí ó fi ọjọ́ sí 21 oṣù kẹfà, kí ó fi aago sí 12:30 ọ̀sán. Òjìji gbọ́dọ̀ kọjú sí gúúsù. Bí ó bá kọjú sí àríwá, oòrùn yín ṣì wà lókè òkun.

Ẹ̀gbọ́n mi dá owó pánù padà. Ìyá wa dé ní oṣù kejì ọdún yìí, abẹ́ òrùlé yẹn ni ó ti ń ṣa ẹ̀wà. Àwa tí a kó wá síbí mọ̀ pé àlejò ní láti bi onílùú léèrè. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n bi. Ẹ bá a bi í.

Ó dìgbà o.